Ṣé kí n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kóòdù tó ti ṣetán?

Ìbéèrè: "Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Python, èdè tí a fi ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà, ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1. Bí mo bá kọ kóòdù sójú pátákó, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, á sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n kọ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í lè kọ ìlà kan ṣoṣo. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n máa fún wọn ní prógíráàmù tó ti ṣetán, kí wọ́n máa yí i padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ́ wọn, pé wọn ò sì ní lè dá nǹkan ṣe fúnra wọn láéláé. Kí lẹ rí sí i? Kọ̀ǹpútà mẹ́fà la ní fún ogójì ọmọ, iná kì í sì í dúró."

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ẹ kú làálàá lórí àwọn ọmọ náà.

Ìmọ̀ràn rere ni ẹlẹgbẹ́ yín gbà yín. Ẹ fún wọn ní prógíráàmù tó ti ṣetán. Àmọ́ bí ẹ bá kàn gbé kóòdù lé ọmọ lọ́wọ́ tí ẹ ní "yí i padà", ó lè máa pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún odidi táàmù kan láì lóye ìlà kan níbẹ̀. Àyípadà tó ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n ni èyí tí kò ní ṣeé ṣe fún un àfi bí ó bá ka kóòdù náà tó yé e. Wíwá irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́, òun ni mo sì fẹ́ fi ọ̀pọ̀ nínú ìdáhùn mi sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọkàn yín balẹ̀ lórí ìwé tó ń ṣófo yẹn. Kò tọ́ka sí i pé àwọn ọmọ yín ya olódo. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan tí Michael McCracken jẹ́ aṣáájú wọn gbé iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 216, àwọn tó ti parí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú kóòdù kíkọ. Nínú máàkì 110, ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n gbà jẹ́ 22.89. Àwọn ọmọ yunifásítì ni mo wí o. Ní 2004, Raymond Lister àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní orílẹ̀-èdè méje, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí wọ́n kọ kóòdù kankan. Wọ́n fi kóòdù kéékèèké hàn wọ́n, wọ́n sì bi wọ́n pé kí ni yóò ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè sọ ọ́. Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn: à ń ní kí ọmọ kọ ohun tí kò tíì lè kà. Ẹni tó ń da kóòdù kọ láti ojú pátákó kò kà á rárá. Àmì ló ń yà, bí ẹni ń ya àwòrán. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ wọn fi ń ṣiṣẹ́ lójú yín, tí kò sì sí nǹkan nínú wọn bí ẹ bá gba pátákó kúrò.

Ní ti jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́, mo mọ ibi tí ẹ̀rù yín ti wá, nítorí ẹni tó bá wo ìwé ẹnìkejì ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ìyà ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ọ̀gá wo ló máa kó aṣọ tuntun àti àlùmọ́gàjí fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Bọ́tìnnì ni yóò kọ́kọ́ máa gbá, yóò máa ká etí aṣọ, yóò máa tú èyí tó fún jù kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́. Nínú títú yẹn ló ti ń rí ọgbọ́n tí ẹni tó rán an dá sí i. Kò sẹ́ni tó ń pe ọmọ yẹn ní olè.

Ìlànà wà fún un nínú iṣẹ́ kóòdù pàápàá. Scratch, èdè kóòdù tí Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde fún àwọn ọmọdé ní 2007, ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń pè ní Remix. Ọmọ lè ṣí iṣẹ́ ọmọ mìíràn, kó wo inú rẹ̀, kó yí i padà, kó sì gbé tirẹ̀ jáde. Ojú ewé tuntun náà yóò sì dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ mú àṣà yìí wọ kíláàsì yín. Ohunkóhun tó bá tẹ̀lé àmì # nínú Python, kọ̀ǹpútà kì í kà á, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ọmọ kọ ọ́ sí, ní ìlà àkọ́kọ́ gan-an: ta ló kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ni èmi fi kún un. Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ tí ìlà yìí kò bá sí níbẹ̀.

Ó kan prógíráàmù tí ẹ máa fún wọn wàyí. Kí ó kúrú tó èyí tí ojú lè ká tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó ṣe ohun tí ọmọ yóò fẹ́ fi ṣeré, kí ó sì ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta tí ìdí wọn kò hàn síta. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni eré kí-ni-nọ́ńbà-mi, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi nọ́ńbà kan pamọ́ kí ẹni tó ń ṣeré máa wá a, tí àwọn tó ń kọ́ kóòdù ti ń kọ láti ayé BASIC, èdè kóòdù àtijọ́ kan. Èdè Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ohun tí yóò hàn lójú rẹ̀. Ẹ ó rí bí ojú wọn yóò ṣe tàn.

import random

asiri = random.randint(1, 100)
idahun = 0
iye = 0

while idahun != asiri:
    idahun = int(input("Dárúkọ nọ́ńbà kan láti 1 dé 100: "))
    iye = iye + 1
    if idahun < asiri:
        print("Ó kéré jù. Gbìyànjú sí i.")
    elif idahun > asiri:
        print("Ó pọ̀ jù. Gbìyànjú sí i.")

print("O gbà á! Iye ìgbà tí o gbìyànjú:", iye)

Ẹ kíyè sí i pé mo fi àmì ohùn sí inú ọ̀rọ̀ tó hàn sí ẹni tó ń ṣeré, mo sì yọ ọ́ kúrò lára orúkọ asiri, idahun àti iye. Python 3 gba ẹ àti ọ nínú orúkọ, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù àwọn ọmọ kò bára mu, ọ̀rọ̀ náà á sì ya wọ́n lẹ́nu bí orúkọ kan bá jọ òmíràn lójú tí kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ tẹ kóòdù yìí sórí ìwé, kí ẹ pín in. Kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Sue Sentance àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní England pín ọ̀nà ìkọ́ni yìí sí ìpele márùn-ún, wọ́n sì pè é ní PRIMM: kí ọmọ sọ ohun tí kóòdù yóò ṣe, kó gbé e ṣiṣẹ́, kó tú inú rẹ̀ wò, kó yí i padà, kó wá ṣe tirẹ̀. Wọ́n dán an wò láwọn ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019: àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ báyìí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kọ́ bí a ṣe máa ń kọ́ wọn lọ. Ìpele àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn olùkọ́ máa ń fò, torí ó dà bíi pé ó ń gba àkókò lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fò ó. Ọmọ tó ti fi bírò kọ ọ́ sílẹ̀ pé "báyìí ni yóò rí" ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lélẹ̀. Bí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá ìdí.

Ìbéèrè tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ rèé: kí ló dé tí idahun fi jẹ́ 0 ní ìbẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ á ní "kó ṣáà ti ní nǹkan nínú ni." Ẹ bi wọ́n pé bí a bá fi 50 síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á láàárín ara wọn. Nígbà tó bá yá, ọmọ kan á rí i: loop náà, ìyẹn àwọn ìlà abẹ́ while tí kọ̀ǹpútà ń tún ṣe, kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí idahun kò bá dọ́gba pẹ̀lú asiri, randint(1, 100), tó ń ṣèèṣì mú nọ́ńbà kan láti 1 dé 100, kì í sì í mú 0 láéláé, nítorí náà 0 kò lè ṣèèṣì jẹ́ nọ́ńbà náà. 50 lè jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí wọ́n yí nǹkan kékeré kan padà: kí randint(1, 100) di randint(0, 100). Wọ́n á gbé e ṣiṣẹ́, yóò sì lọ geerege. Wọ́n á tún un ṣe, yóò tún lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá ó tọ̀nà. Wọ́n á ní ó tọ̀nà, torí wọ́n ti fi ojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 101 tí ó bá ṣe kòńgẹ́ pé 0 ni kọ̀ǹpútà mú, eré náà kò ní béèrè ohunkóhun. Yóò kàn kéde pé "O gbà á! Iye ìgbà tí o gbìyànjú: 0". Wọ́n lè fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣeré láì rí i. Kíkà nìkan ló lè fi í hàn wọ́n. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ọmọ SS1 lè fi yára mọ̀ pé "ó ṣiṣẹ́" yàtọ̀ sí "ó tọ̀nà", ìlà méjì péré sì ni gbogbo rẹ̀.

Kí àyípadà ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn, kó má gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí eré náà dá lórí 1 dé 20 dípò 100. Ọ̀pọ̀ á yí ti randint, wọ́n á gbàgbé ọ̀rọ̀ inú input, eré náà á sì máa sọ pé "láti 1 dé 100" fún ẹni tó ń wá nọ́ńbà tí kò kọjá 20. Python kò ní bá wọn wí. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá ṣeré náà tí wọ́n ń ṣàròyé, ẹ wá fi hàn wọ́n bí a ṣe lè fi nọ́ńbà náà sínú orúkọ kan ṣoṣo, opin = 20, kí ibi méjèèjì máa ti ibẹ̀ mú un. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò ní nílò àlàyé gígùn lórí ohun tí variable, irú orúkọ tó ń tọ́jú iye bẹ́ẹ̀, wà fún.

Èyí tó tẹ̀lé e ni ó ní èso jù. Ẹ ní kí eré náà fún ènìyàn ní ìgbà méje péré. Ẹ má sọ ibi tí wọn yóò ti tún un ṣe. Àṣìṣe mẹ́ta ni ẹ óò rí, ẹ kí wọn káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀ nítorí àwọn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Àwọn kan á kọ ọ́ pé:

while idahun != asiri or iye < 7:

Ní èdè ẹnu wa, "títí tí yóò fi gbà á tàbí tí ìgbà méje yóò fi pé" dùn ún gbọ́, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé or ni wọ́n mú. Ṣùgbọ́n títí ni èdè wa ń sọ, while ní tirẹ̀ ń béèrè ohun tí yóò mú kí a máa bá a lọ. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kẹta yóò rí i pé eré náà tún ń bi í léèrè, láì sọ pé ó kéré tàbí ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti ìwé, kí wọ́n kọ iye tó wà nínú idahun, asiri àti iye sílẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fúnra wọn rí i pé and ló yẹ níbẹ̀.

Àwọn tó bá ti fi and síbẹ̀ á yọ̀, títí ẹnìkan á fi kùnà lẹ́ẹ̀méjèèje tí eré náà á sì kí i pé "O gbà á!" Ìlà ìkẹyìn kò bìkítà ohun tó mú kí loop náà parí. Wọ́n á wá rí i pé if gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe kẹta ń farapamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ á kọ if iye < 7 láti mọ ẹni tó yege, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbà á ní ìgbà keje gan-an, wọ́n á ní ó pàdánù. Bóyá ó gbà á ni kí wọ́n béèrè, ìyẹn if idahun == asiri, kí wọ́n má fi iye ìgbà díwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ kan tó ń jiyàn púpọ̀ ní kíláàsì, òun ni kí ẹ fi ṣe adánwò fún eré àwọn tó kù. Irú wọn ló máa ń rí ìgbà keje yìí.

Kí ló dé tí mo fi ní méje? Ẹ bi wọ́n. Ẹni tó bá ń dá nọ́ńbà tó kù sí méjì nígbà gbogbo, tó bẹ̀rẹ̀ láti 50, kì í ní ju 50 tó kù lọ lẹ́yìn ìgbà kìíní, lẹ́yìn náà 25, 12, 6, 3, 1. Ìgbà keje, ó ti bọ́ sí i. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní pàdánù láé, ó sì ti mọ ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ́n wíwá-nǹkan tó lágbára jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún un.

Bí nọ́ńbà bá ti sú àwọn kan, Python ní turtle nínú, ìjàpá tó ń yàwòrán, tó ti inú èdè Logo ti 1967 wá. Ẹ fún wọn ní kóòdù tó ń ya onígun mẹ́rin tó dọ́gba: ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó lọ síwájú 100, kó yí sọ́tùn-ún 90. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di onígun mẹ́ta. Wọ́n á fi 60 sí i, nítorí olùkọ́ Ìṣirò ti sọ fún wọn pé ìwọ̀n 60 ni igun rẹ̀, àwòrán náà kò sì ní padé. Ìjàpá ń yí ara rẹ̀ padà láti ọ̀nà tó ń lọ, kò wo inú igun náà, nítorí náà 120 ló yẹ, 360 tí a pín sí mẹ́ta. Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ ní kí ọmọ kan dìde, kó rìn ín ní iwájú kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́fà àti iná wá kàn. Mo gbà pé ọ̀nà yìí ba ipò yín mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ìdajì iṣẹ́ náà wà lórí ìwé. Ẹ pín ogójì ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń kọ ohun tí wọ́n rò pé kóòdù yóò ṣe. Àwọn kan wà nídìí kọ̀ǹpútà ní méjìméjì, ọ̀kan ń tẹ̀, ìkejì ń ka ohun tó yẹ kó tẹ̀, wọ́n á sì pààrọ̀ ara wọn. Fún ìpín kẹta, ẹ tẹ prógíráàmù kan sórí ìwé, kí ẹ gé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n tò ó padà. Dale Parsons àti Patricia Haden ní New Zealand ló kọ̀wé nípa irú eré títò yìí ní 2006, orúkọ Parsons ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Bí iná bá lọ, ìpín kan ṣoṣo ni kò ní rí iṣẹ́ ṣe, wọ́n sì lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tò. Thonny, ohun èlò tí a fi ń kọ kóòdù Python, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Tartu ní Estonia, dára fún àwọn kọ̀ǹpútà náà: ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa wà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, Python wà nínú rẹ̀, ẹ lè fi fláàṣì gbé e káàkiri, ó sì lè rìn nínú kóòdù ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí ọmọ máa wo bí iye inú asiri àti idahun ṣe ń yí padà.

Ohun kan tó lè dà yín láàmú: bí ọmọ bá fẹ́ kí eré náà béèrè "Ṣé o tún fẹ́ ṣeré?" tó sì ń retí "bẹ́ẹ̀ ni", ó lè tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ kí kọ̀ǹpútà sì ní kì í ṣe òun. Lẹ́tà tó ní àmì sókè àti ìsàlẹ̀ lè wà nínú kọ̀ǹpútà ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó jọra lójú, Python kì í sì í kà wọ́n sí ọ̀kan náà bó bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Fún ìgbà yìí, kí wọ́n fi 1 dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, 2 fún rárá.

Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín pé wọn ò ní lè dá nǹkan ṣe fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n bá ti yí prógíráàmù mẹ́ta tàbí mẹ́rin padà dé ibi tí wọ́n lè fi ẹnu ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé iṣẹ́ yìí fún wọn: kí ọmọ ènìyàn mú nọ́ńbà sọ́kàn, kí kọ̀ǹpútà máa wá a. Ojú ewé òfìfo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí eré àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ìlà tí wọ́n lè dà kọ tí yóò kàn ṣiṣẹ́, nítorí ohun gbogbo ti dorí kodò: ibi tí input wà tẹ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò ti máa ronú. Síbẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n nílò, while, if, ọgbọ́n pínpín sí méjì, ni wọ́n ti fọwọ́ kàn rí. Àwọn kan á tètè ṣe é, àwọn kan á nílò kí ẹ kọ ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ fún wọn. Ẹ kọ ọ́ fún wọn, kó má dùn yín.

Ní ti máàkì, ẹ má ṣe wo bí eré náà ṣe dára tó nìkan, torí ẹ ò lè mọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ ChatGPT lórí fóònù ní ilé. Ẹ pè é wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tọ́ka sí ìlà kan, kó sọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó yí ohun kékeré kan padà lójú yín, kó sì kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ìdajì máàkì sí ìṣẹ́jú méjì yẹn, kí ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá gba kóòdù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní láti kà á yé kó tó wá síwájú yín.